Oògùn Tó Ti Kú Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rò ó wò bóyá iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lẹ ó fi ayé yín ṣe, wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi fún yín. Àwọn tó bẹ̀ mí rò pé n ó fi yangàn ni. Wọ́n ti rí mi tí mo ń kọjá nínú aṣọ funfun, wọ́n ti gbọ́ tí àwọn abiyamọ ń kí mi ní Ìyá Nọ́ọ̀sì láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, wọ́n sì rò pé inú mi náà funfun bí aṣọ ọ̀hún. Àwa tí a ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní kí ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ sínú kó tu itọ́ funfun jáde. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, tó ṣì fẹ́ ẹ ṣe, kó wá ṣe é.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ní agbo ilé àwọn ahunṣọ. Bàbá mi ń hun aṣọ òkè, ìyá mi ń ran òwú. Àbẹ̀kẹ́ ni gbogbo ilé ń pè mí. Nígbà tí mo ń di ọ̀dọ́mọbìnrin, ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó dà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé oògùn tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n n kò yéé lọ. Mo ń gbálẹ̀ fún wọn, mo ń pọnmi, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́. Nǹkan táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Jeremáyà, ọkùnrin tínínrín kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ní Èkó kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Òun nìkan ló ń fún ènìyàn lóògùn níbẹ̀, òun ló ń di ọgbẹ́, òun ló ń la eéwo. Kì í pariwo, kì í na ènìyàn. Ojú ló fi ń nani. Odidi ọdún kan kọjá kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn. Kí n se omi, kí n fọ ìgò, kí n tún omi mìíràn sè. Nígbà ọyẹ́, ọṣẹ a máa la ọwọ́ mi títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ, n ó sì máa sunkún nídìí ààrò. Ìyá mi a máa wo ọwọ́ náà, a ní, “Ṣé ọwọ́ tí ì bá máa ran òwú nìyí?”

Ọjọ́ kan wà tí n kò gbàgbé. Àgbẹ̀ kan wá pẹ̀lú eéwo ńlá léjìká. Ọ̀gá bi mí pé, “Ṣé o ti se abẹ́?”

Mo ní, “Mo ti sè é, sà.” Irọ́ ni. Mo kàn fi omi ṣàn án ni, nítorí iná ti kú, ó sì rẹ̀ mí.

Ó mú abẹ́ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó bá a pé ó tutù. Ó wò mí. “Na apá rẹ.”

Mo na apá. Ó gbé abẹ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ là mí lára. Mo fa apá mi sẹ́yìn.

“Kí ló dé? Ṣebí o ní o ti sè é?”

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Àgbẹ̀ náà ń wo èmi àti òun, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ní, “Ohun tí o kò lè jẹ́ kí wọ́n fi kan ara rẹ, òun lo fẹ́ fi kan ara ọmọ ọlọ́mọ. Máa lọ sílé.” Mo pẹ́ nílé kó tó ránṣẹ́ pè mí padà. Bàbá mi ti ń wá ọkọ fún mi nígbà náà. Mo sáré padà bí ẹni tí wọ́n tú lókùn, láti ọjọ́ náà n kò sì tún fi abẹ́ purọ́ mọ́.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá kọ́ mi ní ìbupá. Ẹ̀yin ò ní mọ bí àrùn ilẹ̀ gbígbóná ṣe rí láyé ìgbà náà. A kì í pe orúkọ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá wọ ilé, á gbé ọmọ, á gbé ìyá, ẹni tó bá fi sílẹ̀ á fi àpá sí i lójú títí ayé. Ìbupá ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. A ó fi abẹ́ kékeré họ apá ọmọ, bí ẹni ń sín gbẹ́rẹ́, a ó fi oògùn inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ojú ibi tí a họ. Ohun tí Ọ̀gá ń sọ fún mi lójoojúmọ́ ni pé iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a gbọ́dọ̀ padà lọ wo apá. Bó bá wú, tó ṣọyún, tó sì sé èépá, oògùn ti mú nìyẹn, ọmọ ti bọ́. Bí apá bá jinná nigínnigín láìní àpá kankan, a kò ṣe nǹkan kan fún ọmọ náà.

Ó wù mí kí n dúró pẹ́ lórí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí àwọn ni ọdún ayọ̀ mi. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Ọ̀gá á síwájú, aláàárù á gbé àpótí, èmi á tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìkòkò omi. A dé Komu, a dé Ofiki, a dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Koríko a máa ga ju orí wa lọ lẹ́yìn òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á ti jó o tán, gbogbo ilẹ̀ á dúdú, igi ẹmi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí nìkan ló máa ń dúró. Àwọn abiyamọ kì í fẹ́ fi ọmọ lé ọkùnrin lọ́wọ́, nítorí náà èmi ni wọ́n ń gbé ọmọ fún. N ó gbé ọmọ lé itan, n ó máa kọrin fún un, Ọ̀gá á sì ti ṣe tán kó tó sunkún. Nígbà tí a bá padà, tí mo bá rí apá tó wú, inú mi á dùn bí ẹni tí iṣu rẹ̀ ta.

Ọdún tí nǹkan bàjẹ́ bọ́ sí àárín ìgbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun lókè òkun. Oògùn kò wá déédéé mọ́. A retí, retí, nígbà tí àpótí kan yóò sì fi dé láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin parí sí, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. Àìsàn ti dá àwọn aláàárù dúró lójú ọ̀nà, àpótí sì ti wà nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń pa oògùn yìí. Aṣọ tútù tí wọ́n fi wé ìgò náà ti gbẹ bí èèpo igi. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí, ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú mọ̀. Apá ọmọ nìkan ló lè sọ. A gbé e, a lọ.

Abúlé tí a kọ́kọ́ dé ni Ìdí-Ẹmi, ní apá ọ̀nà Komu. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, tó ń ṣe òrí tà. Ilẹ̀ gbígbóná ti bá a jà ní kékeré, ojú rẹ̀ kún fún àpá. Ọmọ mẹ́ta ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó kù ni Dúró, ọmọkùnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri, nítorí rẹ̀ la fi ń pe obìnrin náà ní Ìyá Dúró. Òun ló lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń kó àwọn obìnrin jáde. “Ẹ wo ojú mi,” ni ó ń wí fún wọn. “Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kí ojú ọmọ yín rí nìyí, bí kò bá tilẹ̀ pa wọ́n?” Nígbà tó kàn án, ó gbé Dúró lé mi nítan. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a padà. Àwọn ìyá ti jókòó dè wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ń na apá ọmọ wọn sí wa. “Ẹ wò ó! Kò tilẹ̀ wú! Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ kankan ò ṣàìsàn. Ọwọ́ yín mà tutù o!” Ìyá Dúró fi òrí tó kún igbá jíǹkí mi. Ọ̀gá ń wo apá kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń kí wọn. Gbogbo apá náà ló jinná nigínnigín.

Nígbà tí a kúrò ní abúlé tán, ó jókòó lábẹ́ igi, ó ṣí fìlà. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, oògùn ti kú.”

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, òyìnbó dókítà tó ń ṣàbójútó wa gun ẹṣin wá sí ilé oògùn. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń tọ́ka sí àpótí. Òyìnbó náà tẹ́tí sí i, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó fèsì, ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Mo bi Ọ̀gá léèrè ohun tó wí.

“Ó ní nítorí ogun, òun ò mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Ó ní ká máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́.”

“Èyí tó ti kú yìí?”

“Ó ní bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó ní bí a bá dá iṣẹ́ dúró, tí àwọn ènìyàn sì mọ ìdí rẹ̀, kò sí abiyamọ tí yóò tún na apá ọmọ rẹ̀ sí wa mọ́. Nígbà tí oògùn gidi bá wá dé ńkọ́, ta la ó fún?”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá? Kí lẹ wí?”

“Mo ní ó dára, sà.”

N kò mọ ẹni tó tì mí tí mo fi la ẹnu. “Ọ̀gá, bó bá jẹ́ Ládùn ni ńkọ́?” Ládùn ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin.

Ó pa àpótí dé. Kò wo ojú mi. “Di ẹrù. A ń lọ.”

Bẹ́ẹ̀ la lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. A dé Abẹ́-Àpáta, a dé àwọn abà kéékèèké tí n kò lè ka tán. Mo ń gbé ọmọ lé itan, mo ń kọrin fún wọn, Ọ̀gá ń fi abẹ́ tí a sè dáadáa họ wọ́n lápá, ó ń fi òkú oògùn sí i. A ò sì padà lọ wo apá mọ́. Òun ló fi òfin náà lélẹ̀, òun náà ló pa á tì, n kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fún wa níṣu, wọ́n ń fún wa ládìẹ. Ìgbà kan wà tí ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ọmọdé. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́ ọjà Ìsẹ́yìn kan, Ìyá Dúró yà sí wa ní ilé oògùn, igbá òrí lórí rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ gbígbóná ti wọ àwọn abà kan lápá ọ̀nà Ṣakí. Ó ní láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọn á fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà abúlé, wọn ò ní gba àlejò, olúkúlùkù á kó ọmọ lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwọn kan ń sọ pé kí ni wọ́n ń dí ọ̀nà sí, nígbà tí àwọn ti gba ìbupá.

“Ìdí tí mo fi yà nìyí,” ni ó wí. “Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ofiki ní kí n gbé Dúró wá. Ṣé kí n gbé e lọ, àbí ká jókòó?”

Ọ̀gá wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́. Mo ní, “Kò burú bí ẹ bá lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Òrí tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ńkọ́, ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún? Ìbupá ni mo ń bi ọ́. Ṣé ó mú ọmọ mi, àbí kò mú un?”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo tiẹ̀ la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, “A ti ṣe é fún un, mà.”

Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe irọ́. A ti ṣe é fún un lóòótọ́. Ìyá Dúró mí kanlẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó súre fún mi, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń wò ó títí ó fi wọ àárín èrò. Mo lè sáré tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì dá ṣáká. N kò sáré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlejò kan tó ń lọ sí ìlú rẹ̀ ṣàìsàn lójú ọ̀nà, àwọn ará Ìdí-Ẹmi sì gbà á sílé. Wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n ro ẹ̀kọ fún un. Àánú ṣe wọ́n, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n, nítorí tiwa. Nígbà tí ìròyìn fi máa kàn wá, ilé tí kò sí aláìsàn níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀gá àti èmi, tí ìbupá ti mú wa tipẹ́, gbéra lọ.

N kò ní ṣe àlàyé ohun tí ojú mi rí. Dúró ti kú kí a tó dé. Mo bá Ìyá Dúró nínú ilé àwọn ẹlòmíràn tó ń tọ́jú wọn, nítorí ẹni tí àrùn náà ti bá jà rí, kì í tún bá a jà mọ́. Ó ń fi igbá bu omi sẹ́nu ọmọ kan. Kò gbójú sókè.

“Kò mú un, àbí?”

“Kò mú un, mà.”

“O ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?”

“Mo ti mọ̀.”

Mo dúró de èpè. Bó bá ṣépè fún mi ni, ì bá dùn mọ́ mi. Ó kàn na igbá sí mi. “Gba omi yìí. Àwọn tó wà nínú yàrá kejì kò tíì mu.” Títí àrùn náà fi lọ, a jọ wà níbẹ̀ ni. A jọ ń da ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn nù, a jọ ń fọ aṣọ wọn, ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí, á ní kí n lọ jókòó. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ Dúró. Àwọn ọkùnrin abúlé bú wa, wọ́n ju òkúta sí àpótí Ọ̀gá. Ìyẹn ò dùn mí tó omi tí obìnrin yìí ní kí n gbé.

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, mo sọ fún Ọ̀gá pé mò ń lọ sọ fún àwọn abúlé tó kù. Kò dá mi lẹ́kun. Kò tẹ̀ lé mi. Mo lọ sí Abẹ́-Àpáta, mo wólẹ̀ níwájú Baálẹ̀, mo sọ pé òkú oògùn la fi sí wọn lápá, kí wọ́n dí ọ̀nà, kí wọ́n má gba àlejò. Baálẹ̀ jẹ́ àgbà tó mọ̀ràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n dí ọ̀nà, àrùn náà kò sì wọ ibẹ̀ lọ́dún náà. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti san díẹ̀ nínú gbèsè mi.

Òjò rọ̀, oògùn tuntun dé, tútù, tààrà. A dán an wò ní Ìsẹ́yìn, apá wú dáadáa. A gbé e lọ sí Abẹ́-Àpáta. Kò sí obìnrin kan tó jáde. Baálẹ̀ ní kí a jókòó, ó fún wa lómi.

“Ọmọ mi,” ni ó wí fún mi, “ìwọ lo wá sọ fún wa pé òkú ni ti àkọ́kọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èyí wà láàyè.”

“Lọ́jọ́ tí ẹ gbé òkú wá, ṣé ẹ ò sọ pé ó wà láàyè?”

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. A bẹ̀ wọ́n títí, a di ẹrù wa. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ gbígbóná wọ Abẹ́-Àpáta. Baálẹ̀ náà bá a lọ.

Ohun tí òyìnbó dókítà ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹ, láti ẹnu mi. Mo dákẹ́, àwọn kan kú. Mo sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn kú. Ẹ má bi mí léèrè èyí tó tọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ì bá má rí bẹ́ẹ̀ ká ní a ti dìde lábẹ́ igi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká padà lọ sọ òtítọ́ fún wọn, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ní ìdí láti gbà wá gbọ́.

Ọ̀gá Jeremáyà kò sọ fún mi pé “ṣebí mo wí.” Ó ṣiṣẹ́ títí ọdún fi parí, ó ní òun ń padà sí oko bàbá òun. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fọ gbogbo abẹ́ fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n. Ó ní, “Orúkọ ìbupá ni mo fẹ́ gbà là, Àbẹ̀kẹ́. N kò rántí pé nítorí ènìyàn ni wọ́n ṣe ṣe ìbupá.” Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ní oko tó wà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ọgbẹ́, á sọ pé òun ò mọ iṣẹ́ náà mọ́.

Èmi dúró. Bàbá mi ní kí n wá lọ́kọ, mo lọ́kọ, mo sì tún padà síbi iṣẹ́. Ìtìjú ló dá mi dúró, kì í ṣe ìgboyà. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gbé oògùn wá, a bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rírìn. Abẹ́rẹ́ dé, àwọn oògùn tó ń pa ọyún láàárín ọjọ́ mélòó kan dé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi kẹrosíìnì mú oògùn tutù. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ń fi í tọ́jú omi mímu, mo bá wọn jà. Wọn ò mọ ohun tí mo ń wò nínú ẹ̀rọ náà.

Irinṣẹ́ yí padà, ọ̀ràn náà ò yí padà. Wọ́n ti ní kí n lé aláìsàn tí kò tíì san dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹni tó ga jù ú lọ ń bọ̀. Wọ́n ti ní kí n sọ fún ènìyàn pé oògùn rẹ̀ ń bọ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé kò sí. Mo kọ̀ nígbà mìíràn, mo gbà nígbà mìíràn. Ẹ̀yin náà yóò pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun kò pàdé rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí, bóyá kò wo ojú aláìsàn ni.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fò nígbà tí mo ń sọ ti Ọ̀gá. Ó ti lọ nígbà náà, èmi ni mo ń bupá fúnra mi. Ọjọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, àwọn abiyamọ tò, mo ń ṣe é fún ọmọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Dúró ló dúró síwájú mi. Ó pọn ọmọbìnrin kan. N kò tilẹ̀ gbọ́ pé ó tún bímọ. Mo gbé abẹ́ sílẹ̀.

Ó tú ọmọ náà, kò gbé e fún mi. Ó gbé e sí àyà ara rẹ̀. Ó bi mí léèrè lójú gbogbo wọn pé, “Ṣé ó wà láàyè?”

Oògùn náà tuntun ni, èyí tí a ti lò ṣáájú ti mú. Ó rọrùn láti wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Mo rò bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀. Apá rẹ̀ ni yóò sọ. N ó wá sí Ìdí-Ẹmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó wò ó. Bí kò bá mú, n ó sọ fún yín.”

“Ìwọ fúnra rẹ?”

“Èmi fúnra mi.”

Ó ní, “Bó ṣe yẹ kí o máa sọ ọ́ nìyẹn.” Ó gbé ọmọ lé mi nítan.

Mo rìn lọ sí Ìdí-Ẹmi lọ́sẹ̀ kejì. Mo gba àárín abúlé kọjá, àwọn ọkùnrin ń wò mí, kò sẹ́ni tó kí mi. Ó wà lẹ́yìn ilé tó ń po òrí. Ó nu ọwọ́, ó gbé ọmọ jáde, ó káṣọ kúrò ní apá rẹ̀. Ó wú, ó pọ́n, ó ti ń sé èépá. Ọmọ náà ń sunkún, ibà díẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀.

“Ó mú,” mo wí.

Ìyá Dúró wo apá náà fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ tó kún fún àpá kò yí padà. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀. Ó tún ọmọ náà pọ̀n, ó so ọ̀já, ó sì padà sídìí òrí rẹ̀ tó ń pò, ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi.